Ilé Aléfòó Lójú Omi: Ọ̀nà Wo Ni Kẹ́ ẹ Gbà Fa Iná Sí I?

“Omi ẹja mi ń ta mí lọ́wọ́ o.” Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ni mo gbọ́ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ó dà bíi pé ìjàlọ wà nínú omi náà, pé ìgbàkígbà tí òun bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti kó òkú ẹja ni wọ́n máa ń ta òun.

Adágún ẹja àrọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, lápá ibi tí odò Ọbà gbà kọjá. Ó ti fi pákó kọ́ ahéré kékeré kan sórí dúróòmù mẹ́jọ, ó so ó mọ́ òpó ní bèbè, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń bá a ṣọ́ ẹja ń sùn. Gílóòbù méjì, fáànù kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi tẹ́sítà kan irin tó gbá àwọn dúróòmù náà pọ̀. Iná inú tẹ́sítà tàn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò létí omi.” Mo sáré padà sí bèbè, mo pa mèènì súwíìṣì, mo wá ń tọ wáyà náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àárín afárá onípákó ni mo ti bá a: ibi tí wọ́n ti so wáyà méjì pọ̀, wọ́n fi tépù dì í, wọ́n tún fi ọ̀rá wé e lórí, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Mo tú u. Omi dà sí mi lọ́wọ́. Bàbà inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, mo fi èékánná họ ọ́, ó ń rún bí elùbọ́. Búrékà tó wà lára ògiri ní bèbè kò sì fìgbà kan já.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, torí àwọn tó ń béèrè ti pọ̀ sí i. Àwọn kan ń sin ẹja lórí dáàmù, àwọn kan fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ sójú omi, àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ iná níbí sì ń lọ ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé ojú ọ̀sà l'Ékòó. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọ̀nà tó wà síwájú, ká fi wọ́n wéra, kí kálukú lè mú èyí tó bá ilé rẹ̀ mu.

Ilé orí òpó àti ilé aléfòó

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé orí òpó, irú èyí tó pọ̀ ní Makoko l'Ékòó àti ní Ganvié lórílẹ̀-èdè Benin, dúró lórí igi tí wọ́n gbá mọ́ ilẹ̀ abẹ́ omi. Omi lè gòkè, ó lè fà, ilé ò ní kúrò lójú kan. Ilé aléfòó ní tiẹ̀, dúróòmù tàbí ohun mìíràn tó lè léfòó ló gbé e dání. Bí omi bá gòkè, á bá a gòkè. Bí omi bá fà lẹ́ẹ̀rùn, á bá a sọ̀kalẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á mì.

Ilé ẹ̀kọ́ aléfòó tí ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí yà fún Makoko, tí wọ́n parí lọ́dún 2013, orí àgbá ike ló wà, páńẹ́lì sólà sì wà lórí òrùlé rẹ̀. Òjò ńlá kan wó o lóṣù kẹfà ọdún 2016. Ohun tí ìyẹn kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ iná sórí omi gbọ́dọ̀ máa rò ó mọ́ ọn pé ilé yẹn lè ṣí kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ kan, kó sì ti mọ ibi tí iná á ti já kó tó kan omi.

Fún ilé orí òpó, ẹ lè gba inú páìpù tó le fa wáyà lọ bá ilé, bí a ti ń ṣe lórí ilẹ̀. Fún ilé aléfòó, páìpù tó le ò lè bá a gòkè sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni yóò kán. Wáyà tó rọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà bò, tó sì ní àjẹṣẹ́kù gígùn ní ìkángun méjèèjì, ló yẹ ẹ́.

Ohun tó ń pani gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná tó pọ̀ nìkan ló ń pani. Bí nǹkan bíi mílíáńpíà 10 (mílíáńpíà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà, tá a fi ń wọn bí iná ṣe pọ̀ tó) bá gba ara kọjá, iṣan á fún pọ̀, ọwọ́ ò ní lè tú ohun tó dì mú sílẹ̀. Bó bá kọjá 30 tó sì pẹ́ díẹ̀ lára, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ẹ wá wo gílóòbù LED wáàtì 7 tó wà nínú yàrá yín: nǹkan bíi mílíáńpíà 30 náà ló ń mu lórí fóòtì (volt) 230. Iná tí ò ju ti gílóòbù kékeré kan lọ ni mò ń sọ yìí.

Nínú omi, kò tilẹ̀ dìgbà tí iná bá da ọkàn rú. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ tí iná gbé, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á gan, á rì. Àwọn tó bá wà níbẹ̀ á ní omi ló gbé e lọ, kò sẹ́ni tí yóò rántí wáyà. Ohun mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà tí mo bá sọ ọ́: ní ti jíjò iná, omi odò wa léwu ju omi òkun lọ. Omi oníyọ̀ ń gbé iná dáadáa ju ara èèyàn lọ, nítorí náà iná á gba inú omi lọ ní tirẹ̀. Omi tí ò níyọ̀ kì í gbé iná tó ara wa. Ara wa ló ní iyọ̀ nínú, òun ni iná máa rí bí ọ̀nà àbùjá. Odò Ọbà, odò Ògùn, dáàmù Ikere Gorge lápá Ìsẹ́yìn, omi tí ò níyọ̀ ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi ohun kan wé òmíràn nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín: bí iná bá jò, kí ló máa já a, báwo ló sì ṣe máa yára tó?

Níbo ni iná á ti wá?

| | Wáyà láti bèbè | Jẹnẹrétọ̀ | Sólà fóòtì 12 | Sólà pẹ̀lú ínfátà |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó lè gbé | Púpọ̀, bí iná bá wà | Púpọ̀, bí epo bá wà | Gílóòbù, fáànù kékeré, fóònù | Títí dórí fíríìjì |
| Ewu tó ga jù | Jíjò sínú omi | Èéfín àti epo | Wáyà tó gbóná, ilé tó jó | Jíjò àti ilé tó jó |
| Ohun tí kò gbọ́dọ̀ máà sí | RCD (ẹ̀rọ tó ń já iná bó bá ń jò) àti wáyà ẹ́ẹ̀tì (tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) láti bèbè | Àyè tó jìnnà sí ibùsùn | Fíúsì lẹ́nu bátìrì | RCD, níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì |

Wáyà láti bèbè ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rò, torí òpó NẸ́PÀ ti wà nítòsí. Kò burú, bí wọ́n bá ṣe é tán pátápátá. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí mèènì súwíìṣì wà lórí ilẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè rí ilé náà lọ́ọ̀ọ́kán, kó má ṣe wà nínú ilé aléfòó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin iná ti Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀ fún irú ilé yìí: ẹ̀gbẹ́ ilé ni kí mèènì wà, kì í ṣe inú rẹ̀ tàbí orí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò le. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ẹni tó fẹ́ pa iná ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ la omi kọjá.

Ohun kejì ni bí ọ̀nà ṣe jìn sí. Ká ní ilé yín jìnnà sí mítà iná tó mítà 100, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo áńpíà 10. Bẹ́ ẹ bá fi wáyà 2.5 (ìyẹn ìwọ̀n bàbà inú rẹ̀, ní mílímítà níbùú lóròó) fà á, nǹkan bíi fóòtì 18 ló máa ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Wáyà 4 á dín in kù sí nǹkan bíi 11, wáyà 6 á sọ ọ́ di 7. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ oníná wa ń tẹ̀ lé ìlànà wọn, ò fẹ́ kó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ohun tí kì í ṣe gílóòbù, ìyẹn fóòtì 11 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe máa ń rẹ̀ lálẹ́ lọ́dọ̀ wa kó tó dé mítà rárá. Wáyà 6 ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n rà. Owó rẹ̀ máa ń dùn wọ́n, mo mọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ní tiẹ̀, n kò fẹ́ ẹ lórí ilé aléfòó rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ò ṣeé rí, kò ṣeé gbóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Lórí omi, kò sí ẹ̀yìnkùlé téèyàn lè gbé e lọ. Epo tó bá dà sílẹ̀ tún máa ba omi ẹja jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gbé e sí bèbè, kẹ́ ẹ fa wáyà wá. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni níútírà wọn ò so mọ́ ara irin rẹ̀ tàbí mọ́ ilẹ̀, RCD tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ lè má rí jíjò kankan.

Sólà fóòtì 12, láìsí ínfátà, ni mo fẹ́ràn jù fún ahéré kékeré. Fóòtì 12 ò lágbára láti ti iná tó lè pani gba ara èèyàn kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, fóòtì 12 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún ohun èlò tó bá wà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 5 fún wákàtí márùn-ún, 100. Fáànù oníwáàtì 15 fún wákàtí mẹ́jọ, 120. Fóònù, ká sọ pé 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 240 lóru kan. Bátìrì lítíọ́mù, ti onírin tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, tó jẹ́ fóòtì 12.8 àti áńpíà-wákàtí 50, máa gbé 640. Ó gbé òru méjì láìrí oòrùn. Páńẹ́lì wáàtì 150 kan á sì dá a padà lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n fóòtì 12 náà ní ewu tirẹ̀. Kì í gbé èèyàn, ó ń jó ilé. Mo ti rí sípánà tó já bọ́ sórí bátìrì, tó kan orí méjèèjì pọ̀, tó sì pọ́n bí ẹyin iná kí ẹni tó ni ín tó ké. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu bátìrì gan-an, kó má jìnnà, torí ìwọ̀nba wáyà tó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì ni ohunkóhun ò dáàbò bò. Búrékà tá a ń lò fún NẸ́PÀ kò ṣeé lò fún iná bátìrì, bó bá já, iná á ṣì máa fò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ DC sí lára. Wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn: áńpíà 5 lórí wáyà 2.5 tó gùn tó mítà 20 ti máa pàdánù fóòtì 1.8 nínú 12, gílóòbù á kàn máa tàn bàìbàì.

Ínfátà dára fún ẹni tó fẹ́ gbé fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ bó bá ti di fóòtì 230, gbogbo òfin fóòtì 230 ti dé bá a nìyẹn, kódà bí kò bá sí NẸ́PÀ níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná sólà kì í pani. Iná tó bá jáde lẹ́yìn ínfátà, kò yàtọ̀ sí ti NẸ́PÀ.

Búrékà lásán àbí RCD?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ jù. Búrékà tó wà ní bèbè bàbá yẹn jẹ́ áńpíà 20. Áńpíà 20 jẹ́ mílíáńpíà 20,000. Ìyẹn ni pé iná tó ń jò gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 600 ó lé ti èyí tó lè pani kí búrékà tó gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ búrékà ni pé kí wáyà má jó. Wọn ò ṣe é láti dáàbò bo èèyàn.

RCD, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà, tó ń ka apẹ̀rẹ̀ máńgòrò tó jáde àti apẹ̀rẹ̀ òfìfo tó padà wọlé. Iye iná tó gba wáyà láìfù jáde gbọ́dọ̀ bá iye tó gba níútírà padà dọ́gba. Bí ó bá ku díẹ̀, ó túmọ̀ sí pé díẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, bóyá omi, bóyá irin, bóyá ara ọmọ yín. Bí ohun tó kù bá tó mílíáńpíà 30, á já láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tó 150, á já láàárín ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá.

RCD ni kẹ́ ẹ yàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tó kù láti yàn ni iye rẹ̀ àti ibi tó máa wà. Ní èbúté ọkọ̀ ojú omi, òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní RCD mílíáńpíà 30 tirẹ̀. Fún ahéré kékeré, ẹyọ kan ní bèbè, lẹ́yìn mèènì súwíìṣì, ti tó. Fún ilé oníyàrá púpọ̀, ẹ fi ọ̀kan tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó já sí bèbè, kẹ́ ẹ wá fi oní-30 sórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí jíjò níbi fíríìjì má baà pa gílóòbù gbogbo ilé lóru. Ẹ wo ara rẹ̀ bí wọ́n bá kọ Type AC tàbí Type A sí i. Type A ni kẹ́ ẹ mú, torí gílóòbù LED àti ṣájà òde òní lè jò lọ́nà tí Type AC ò ní rí.

Àwọn kan á ní, “RCD yìí ń já jù, ń ṣe ló ń dí wa lọ́wọ́.” Mo mọ ibì kan tí oníná ti lọ fò ó dá, tó so wáyà kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn oníbàárà má baà máa pè é. Ó dùn mí gidi gan-an nígbà tí mo ṣí àpótí iná náà. RCD tó ń já ń sọ fún yín pé ibì kan ń jò. Ẹ wá ibẹ̀ rí. Ẹ yọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa dúró, èyí tẹ́ ẹ yọ kẹ́yìn ni olórí ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun kan wà tí RCD ò lè ṣe: bí èèyàn bá fi ọwọ́ kan mú láìfù, tó fi èkejì mú níútírà, iye tó jáde àti èyí tó padà á ṣì dọ́gba, kò ní já.

Ẹ́ẹ̀tì: ọ̀pá nínú omi tàbí wáyà padà sí bèbè?

Lórí ilẹ̀, ọ̀pá bàbà tó gùn ní mítà 1.2 la máa ń gbá mọ́lẹ̀. Kódà lórí ilẹ̀ náà, ní oṣù kìíní àti ìkejì tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo yangí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pá yẹn kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà òjò. Lórí omi, àwọn kan rò pé ó ti rọrùn nìyẹn: wọ́n á ju ọ̀pá náà sínú adágún, wọ́n á ní omi ni, ó tutù, ó ti dára jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé ẹ la ojú ọ̀nà fún gbogbo iná tó bá jò pé kó máa gba inú omi lọ. Ẹni tó bá wà nínú omi ló máa jìyà rẹ̀. Èyí tó tọ́ ni wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé àti òfeefèé, tó wà nínú wáyà ńlá kan náà pẹ̀lú láìfù àti níútírà, tó bẹ̀rẹ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó sì padà sí ọ̀pá tó wà ní bèbè. Ẹ gbá ọ̀pá náà síbi tí ilẹ̀ ti ń tutù tọdún-tọdún. Gbogbo irin ilé náà, tó fi mọ́ irin tó gbá dúróòmù pọ̀ àti irin ìdìmú àtẹ̀gùn, gbọ́dọ̀ so mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì yìí. Dúróòmù ike ò nílò rẹ̀, àmọ́ férémù rẹ̀ nílò rẹ̀.

Níútírà àti ẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ilé aléfòó tó ń gba iná láti bèbè. Bí wọ́n bá pàdé, iná tó yẹ kó gba níútírà padà á pín ara rẹ̀, apá kan á gba irin ilé àti omi lọ, RCD á sì dàrú. Bó bá jẹ́ ínfátà tó wà nínú ilé fúnra rẹ̀ ló ń pèsè iná, ọ̀rọ̀ yí padà: níbẹ̀, lẹ́nu ínfátà, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ so pọ̀, lójú kan ṣoṣo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ RCD ò ní rí jíjò. Ẹni tó bá fẹ́ máa lo méjèèjì nílò súwíìṣì tó ń yí láìfù àti níútírà pa dà lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáyà

Wáyà ẹlẹ́yọ tá a ń fà sínú páìpù lára ògiri dára fún inú yàrá tó gbẹ. Kò dára fún afárá. Wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi kílíìpù kàn mọ́ pákó náà, nínú yàrá nìkan. Láti bèbè dé ilé, wáyà onírọ́bà dúdú, èyí tí wọ́n tẹ H07RN-F sí lára, ni kẹ́ ẹ wá. Oòrùn ò tètè ba á jẹ́, ó sì rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sùn sínú omi. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, kẹ́ ẹ fi àjẹṣẹ́kù sílẹ̀ tó lè gba ìyàtọ̀ omi òjò àti omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ bí omi ṣe máa ń ga tó, wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ibi tẹ́ ẹ ti so wáyà pọ̀ ò gbọdọ̀ sí lójú omi rárá, wáyà kan gbọọrọ ni.

Ní ọjà, ẹ ṣọ́ra fún alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára. Ẹ fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ fi sílẹ̀. Ó tún máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná. Létí omi, ibi tí bàbà àti alumíníọ́mù bá ti pàdé, tí omi sì dé ibẹ̀, á jẹrà kíákíá. Èyí tó dára jù fún ojú omi ni bàbà tí wọ́n rẹ nínú tánganran, ó máa ń funfun lóde ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pupa. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ òde tàn yín jẹ. Ẹ fá a wò.

Ní ti ìwọ̀n inú ilé, kò yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀: 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí iná tó wà níta, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP65 sí (ìyẹn ni pé omi òjò ò lè wọ̀ ọ́), kí wáyà máa gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì tó ń lo omi ásíìdì máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná sílẹ̀, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan sì lẹ lè lò láìba a jẹ́. Fún yàrá kékeré tí èèyàn ń sùn sí, lítíọ́mù onírin yẹn ni kẹ́ ẹ rà bówó bá wà.

Èwo fún ta ni?

Ẹni tó ní ahéré ìṣọ́ ẹja: sólà fóòtì 12, kẹ́ ẹ má tilẹ̀ fa NẸ́PÀ wá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja: ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí bèbè lórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá rọ́bà gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú omi. Mo ti bá àwọn tó ra èyí tó ń wọnú omi nítorí pé ó dínwó, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá lè wà lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ ni kó wà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ tó ní fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù: wáyà láti bèbè, oríṣi RCD méjèèjì (ti bèbè àti ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan), wáyà ẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, tàbí ínfátà ńlá tó wà ní bèbè. Ẹ gba oníná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tan iná. Fún ilé orí òpó, RCD àti ẹ́ẹ̀tì bákan náà, páìpù le lè rọ́pò wáyà rọ́bà.

Bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni nínú omi, ẹ má bẹ́ sínú omi tọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dúró lóké kó sì jẹ́ ọmọ ẹni ló wà nísàlẹ̀. Ẹ pa mèènì ní bèbè ná, kẹ́ ẹ tó ju okùn tàbí igi gbígbẹ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ ẹni kejì tó bẹ́ wọlé ló máa ń kú tẹ̀ lé ẹni àkọ́kọ́.

Ní ti bàbá ẹlẹ́ja, a já wáyà rẹ̀ dànù. Páńẹ́lì kan ló wà lórí òrùlé ahéré náà báyìí, bátìrì rẹ̀ wà nínú àpótí ike lábẹ́ ibùsùn, fíúsì rẹ̀ kò jìnnà sí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ní bèbè, níbi tí pọ́ǹpù omi wà, a fi RCD síbẹ̀. Mo fi bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ han ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹja, mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, bí kò bá já, kó pè mí. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ tí nǹkan náà á dún “káà”, òun náà á wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó já o.”